Nígbà tí Òkété Gé Ọmú Jẹ

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni gbólóhùn kan fi ń yí mi lórí. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n sọ ọ́ lórí fóònù, inú kan ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Mo ń rò fún wọn pé Bàbá lọ́ mi lọ́wọ́ lóru, pé ọrùn ọwọ́ mi wú, pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ṣì ń ta mí. Wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ dé ibì kan, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Má fọkàn sí i. Àìsàn ni, kì í ṣe Bàbá."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo dúpẹ́. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ ki ọwọ́ bọ omi tútù. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń fọ aṣọ, gbólóhùn yẹn á dé. Bí mo bá ń ka hóró oògùn sínú àwo kékeré, á dé. Òótọ́ ni, mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Kí ló wá dé tó fi dà bí ìgbà tí èèyàn ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú?

Àrùn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní Parkinson ló ń ṣe Bàbá. Ẹni tó bá ti tọ́jú alárùn Parkinson tí àìsàn náà ti wọ̀ lára kò nílò kí n máa ṣàlàyé ọwọ́ tó ń gbọ̀n àti ẹsẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun tí a kì í sọ fún ara wa ni mo fẹ́ sọ: pé ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn lè di ẹ̀ṣẹ́, kó sì jẹ́ pé ojú ẹni tó ń wẹ̀ wọ́n, tó ń wọṣọ fún wọn, ni ẹ̀ṣẹ́ náà máa bà.

Àwọn wo ni "wọ́n"?

Èdè wa gan-an kò ràn mí lọ́wọ́. Bí mo bá ní, "Bàbá mi nà mí," ẹni tó gbọ́ á kọ́kọ́ fẹ́ mọ ohun tí mo ṣe. Ti òbí ni nínà. Ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ ló ń ṣáájú rẹ̀. Bí mo bá ní, "Bàbá mi lù mí," ó dà bí ẹni pé mo ń bà wọ́n lórúkọ jẹ́. Èmi tí irun funfun ti ń yọ lórí mi, kí ni kí n pè é? Nígbà tí mo máa fi sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Wọ́n lù mí lóru." Nọ́ọ̀sì náà la ojú sílẹ̀: "Àwọn wo? Ṣé olè ni?" Mo ní rárá o, bàbá mi ni. Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì korò lẹ́nu mi kó tó tán.

Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Láti kékeré la ti ń gbọ́ ọ, a sì máa ń mi orí sí i. Kò sẹ́ni tó rán wa létí pé òkété ní eyín.

Òru ọjọ́ náà

Ó ti kọjá aago mẹ́ta díẹ̀. Mo gbọ́ tí ibùsùn ń dún, mo mọ̀ pé ìtọ̀ ló ń gbọ̀n wọ́n. Mi ò tan iná yàrá. Èyí tó ń tàn ní ọ̀ọ̀dẹ̀ nìkan ló yọjú díẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Oorun ṣì wà lójú mi. Ẹ̀yìn wọn ni mo gbà yọ, mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká dìde, ká tètè lọ." Wọn ò dáhùn. Mo ka àìdáhùn yẹn sí bẹ́ẹ̀ ni, bí mo ṣe ń kà á sí bẹ́ẹ̀ ni láti bí ọdún méjì. Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá wọn, mo gbé wọn.

Ohun tó tẹ̀ lé e yá ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Ọwọ́ tí kò lè de bọ́tìnnì mọ́ gbá ọrùn ọwọ́ mi mú, ó sì lọ́ ọ. Ọwọ́ kejì bà mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Ife tó wà lórí tábìlì fò, omi dà sílẹ̀. "Olè! Tú mi sílẹ̀!" Ohùn tó jẹ́ pé mo ní láti gbé etí sún mọ́ ẹnu wọn kí n tó gbọ́ ọ láti bí oṣù mélòó kan, òun ló gba gbogbo ilé kan yẹn, bíi ti ìgbà tí mo wà ní kékeré tí mo sì ti ṣeré pẹ́ jù níta.

Mo já ọwọ́ mi gbà, mo fi ẹ̀yìn rìn títí mo fi kan ògiri. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọgbọ́n ni mo fi ṣe é. Ẹkún ló dá mi dúró síbẹ̀. Mo di ọwọ́ mi mú, mi ò sọ nǹkan kan. Aago ara ògiri ń dún. Bàbá jókòó sí etí ibùsùn, ojú wọn le gbagidi bí ojú ère, èèyàn ò lè sọ bóyá inú ń bí wọn tàbí wọ́n ti sùn. Ó tó ìṣẹ́jú kan, bóyá ó lé.

Ẹnu wọn wá mì. Mo ní láti sún mọ́ wọn díẹ̀ kí n tó gbọ́. Wọ́n ní, "Mo ní... kí o ní sùúrù... kí n gbé ẹsẹ̀ mi sílẹ̀ ná."

Mo dúró, mo tún un rò. Ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ mi nìyẹn, sí "ẹ jẹ́ ká dìde". Ó ti wà lójú ọ̀nà ní gbogbo àkókò tí mo fi ń fà wọ́n. Ẹ̀ṣẹ́ ti dé, "olè" ti dé, ife ti ṣubú, kí ìdáhùn gan-an tó wọlé. Wọ́n sì ní "kí o". Èmi ni wọ́n ń bá wí. Ọmọ wọn ni wọ́n ń sọ fún pé kó ní sùúrù.

Ojú lọ̀rọ̀ wà

Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó pẹ́ kí n tó mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúlò tó, àfìgbà tí mo ń gbé pẹ̀lú ẹni tí ojú rẹ̀ ti dákẹ́. Kí èèyàn tó lu èèyàn, ó níye àmì tó máa ń ṣáájú: ojú á fàro, ohùn á yí padà, èjìká á le, ẹnu á ní "mo ti sọ fún ọ o." Lórí àwọn àmì kéékèèké yẹn la fi ń gbé pọ̀ láìfọwọ́ kan ara wa. Àrùn yìí a máa mú iṣan ojú le, ojú kì í sì í ṣẹ́jú tó bó ṣe yẹ. A máa fa ohùn sílẹ̀ títí kò fi ní òkè kò ní ìsàlẹ̀. A máa fa èrò náà sẹ́yìn, débi pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá bi ẹni náà á wọlé, á jókòó, kó tó rí ọ̀nà jáde. Gbogbo ìkìlọ̀ tó yẹ kó wà láàárín "mi ò fẹ́" àti ẹ̀ṣẹ́ ni ojú wọn kò lè gbé jáde mọ́. Ọwọ́ nìkan ló kù.

Ṣùgbọ́n báwo ni ọwọ́ tí kò lè gbé síbí ṣe wá yára tó bẹ́ẹ̀? Ìyẹn náà da ọ̀pọ̀ wa láàmú, àwọn mìíràn sì máa ń fi sùn wọ́n pé ṣe ni wọ́n ń díbọ́n. Àwọn dókítà mọ̀ ọ́n dáadáa: alárùn Parkinson tó ti gan mọ́lẹ̀ lè ṣàdédé fò dìde bí ẹ̀rù ńlá bá bà á, bí ilé bá ń jó, bí nǹkan bá ń já bọ̀. Ìjayà máa ń bá ibòmíì gbà nínú ọpọlọ. Agbára tó mú mi lọ́wọ́ lóru ọjọ́ náà kò sí níbẹ̀ láàárọ̀, àní bí mo bá fẹ́ kí wọ́n fi mu ife.

Aago mẹ́ta òru náà ní tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Dopamine, èròjà tí ọpọlọ fi ń darí ìrìn ara, ló ń tán nínú ọpọlọ wọn, oògùn levodopa sì ni a fi ń pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí àìsàn bá ti pẹ́, hóró kan kì í gbé èèyàn dé òmíràn mọ́. Á ti ṣẹ́ kù sójú ọ̀nà. Bó bá ti ń ṣẹ́ kù, ara nìkan kọ́ ló ń gan. Ìbẹ̀rù náà máa ń dé, àyà á máa já láìnídìí. Hóró ìkẹyìn Bàbá, alẹ́ ni wọ́n ń lò ó. Mo lọ bá wọn ní wákàtí tí ara wọn le jù, tí ọkàn wọn sì fò jù, mo gba ẹ̀yìn wọlé nínú òkùnkùn, mo ní ká tètè.

Nígbà tí James Parkinson kọ ìwé kékeré rẹ̀ lórí àìsàn náà ní 1817, èèyàn mẹ́fà péré ló ṣàpèjúwe, ojú pópó ló sì ti rí àwọn kan nínú wọn. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé iyè àti òye wọn wà bó ṣe wà. Ọ̀rọ̀ yẹn ti tan ọ̀pọ̀ ìdílé jẹ: ara nìkan lẹ ń retí pé kó yí padà, ẹ̀yin ò múra fún orí. Ní Sydney, àwọn oníwádìí tẹ̀ lé àwọn alárùn náà fún 20 ọdún. Àwọn tó ṣì wà láàyè ní òpin rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n nínú wọn, nǹkan bí 83 nínú 100 ni iyè wọn ti rà. Bàbá mi ti lo ọdún mẹ́rìnlá pẹ̀lú àìsàn náà.

Láti òru yẹn, iwájú ni mo máa ń gbà wọlé. Mo máa ń tan iná kí n tó sọ̀rọ̀. Mo máa ń sọ orúkọ mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo máa ń sọ lẹ́ẹ̀kan, màá sì dákẹ́, màá máa kà á sínú. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, mo ka dé mọ́kànlá kí ẹsẹ̀ òsì wọn tó sún. Mọ́kànlá dà bí nǹkan kékeré. Ẹ bi ẹnì kan ní ìbéèrè, kẹ́ ẹ sì ka mọ́kànlá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láìsọ̀rọ̀, láìfọwọ́ kàn án. Ibi tẹ́ ẹ bá dé márùn-ún, ara yín á ti máa yún yín. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára: mo ti ń pa òwe yìí fún àwọn ọmọ mi, mi ò mọ̀ pé nọ́ńbà wà nínú rẹ̀.

Àwọn ẹ̀ṣẹ́ tí kò ní ìdáhùn nínú

Màá máa tan ara mi jẹ tí mo bá ní gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Àwọn alẹ́ kan wà tí mo ka dé ogójì, tí wọ́n ṣì fi ọ̀pá wọn na ògiri.

Àwọn kan jẹ́ ti àlá. Nínú oorun tí a fi ń lá àlá, ọpọlọ máa ń de ara wa mọ́lẹ̀ bí ẹni fi okùn dè é, ká má bàa máa ṣe ohun tí à ń rí. Lára ọ̀pọ̀ alárùn Parkinson, okùn yẹn ti já, ẹni náà á sì máa ja ìjà àlá rẹ̀ lórí ibùsùn. Àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ló ṣàpèjúwe rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àìsàn kan ní 1986, ó sì lè ṣáájú Parkinson fúnra rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún. Mo rántí pé kí ọwọ́ Bàbá tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rárá, Màmá máa ń ráhùn pé wọ́n ń ta òun nípàá lóru. A máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Irú èyí, ọ̀nà jíjìn lèèyàn ti ń pe orúkọ onítọ̀hún. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Àwọn kan jẹ́ ti ojú tó ń rí ohun tí kò sí. Aṣọ tí mo fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn di ọkùnrin. Àwọn ọmọdé ń jókòó sí igun yàrá. Ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ dà wọ́n láàmú. Wọ́n tiẹ̀ bi mí nígbà kan bóyá àwọn ọmọ náà ti jẹun. Ọjọ́ tó bà mí lẹ́rù ni ọjọ́ tí wọ́n wò mí lójú kòrókòró, tí wọ́n ní, "Ẹ̀yin ta ni? Níbo lẹ gbé ọmọ mi sí?" Bàbá mi ń fi ọ̀wọ̀ bá mi sọ̀rọ̀. Àìsàn tó ń mú èèyàn gbà pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹni rẹ̀ fún ẹlòmíì ní orúkọ, orúkọ Capgras, dókítà ará Faransé tó kọ nípa rẹ̀ ní 1923. Àmọ́ nílé wa, "ẹ" ni mo fi ń dá a mọ̀. Tí wọ́n bá ti ní "o", ewu kò sí, kódà bí wọ́n bá ń pariwo. Tí wọ́n bá ti ní "ẹ", mo máa ń fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, mi ò sì ní bá wọn jiyàn. Màá jáde, màá tún wọlé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, màá kí wọn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nígbà míì ọmọ wọn á ti padà dé.

Ti oògùn ló ṣòro jù, torí oògùn tó ń gbé wọn rìn náà lè wà lára ohun tó ń pe àwọn ọmọdé yẹn sí igun yàrá. Dókítà wọn ò fọwọ́ kan levodopa lákọ̀ọ́kọ́. Àwọn yòókù ló kọ́kọ́ ń dín kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́: èyí tó wà fún gbígbọ̀n, lẹ́yìn náà àwọn tó ń ṣe bíi dopamine. Ìwọ̀n tí ẹsẹ̀ á fi máa rìn tí orí á sì wà ní pípé, eré orí okùn ni. Ẹni tó bá fi ìbínú dá levodopa dúró lójijì nítorí ìjà, ó lè rí ibà líle àti ara gígan tó ń pa èèyàn.

Ohun kan wà tí mo kọ sórí páálí, tí mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, torí mi ò mọ ẹni tó máa wà nílé lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn: ẹ má fún wọn ní haloperidol. Oògùn tí wọ́n sábà máa ń fi mú ẹni tó ń jà rọlẹ̀ nìyẹn, ìwọ̀nba dopamine tó ṣẹ́ kù ló sì máa ń dí lọ́nà. Alárùn Parkinson tí wọ́n fún ní haloperidol lè di igi gbígbẹ. Tó bá pọn dandan, quetiapine ni àwọn dókítà sábà máa ń yàn, tàbí clozapine, tó ń béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lóòrèkóòrè torí ó lè dín sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ kù. Láti 2016, Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí pimavanserin tí kì í dí dopamine lọ́nà rárá.

Bí ìjà náà bá sì ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta, ẹ wo ìtọ̀ wọn kẹ́ ẹ tó wo ọpọlọ wọn. Oṣù tó kọjá ni Bàbá jà fún ọjọ́ mẹ́ta, mo ti ń rò pé a ti dé òpin ọ̀nà. Kòkòrò ló wà nínú ìtọ̀ wọn. Wọ́n lo oògùn rẹ̀, ó lọ. Àìyàgbẹ́ lè ṣe é. Òùngbẹ lè ṣe é. Ìrora tí ẹnu ò lè sọ lè ṣe é.

Àpá ìka mẹ́rin

Mo padà sí gbólóhùn ẹ̀gbọ́n mi. Mo rò pé mo ti mọ ìdí tó fi dùn mí. "Àìsàn ni" kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá ìdí mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ojú ọgbẹ́. Bó bá jẹ́ àìsàn ló ṣe é, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ṣe é. Bí kò bá sì sẹ́ni tó ṣe é, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lù mí. Ọwọ́ mi sì wú.

Àwọn ilé kan tún wà tí ẹ̀ṣẹ́ ti wà níbẹ̀ kí Parkinson tó dé. Ìyàwó tó ti jẹ ìyà fún ọgbọ̀n ọdún, òun náà ni wọ́n ń sọ fún báyìí pé àìsàn ni. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú ìtàn òru ọjọ́ kan tèmi lọ bo ilé bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ní tèmi, mo ti gbà pé mi ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè láti dúró síbi tí ọwọ́ ti lè bà mí. Tí wọ́n bá ti jókòó dáadáa, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń lọ. Ọ̀pá wọn kì í sùn nítòsí ibùsùn mọ́. Aṣọ tó tutù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò pa ẹnikẹ́ni rí.

Ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rèé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń wẹ̀ wọ́n, mo rí àpá lára apá wọn lókè, ìka mẹ́rin tò tẹ̀ lé ara wọn, ó ti ń dúdú. Mo gbé ọwọ́ mi lé e. Ó ṣe déédéé. Mi ò rántí ọjọ́ tí mo ṣe é. Ó rẹ̀ mí, mo ń kánjú, mo dì wọ́n mú ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹnu wọn bá lè sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, ṣé wọn ò ní ní, "Ọmọ mi lù mí"? Kò sẹ́ni tó máa dá wọn lóhùn pé, "Àárẹ̀ ni, kì í ṣe ọmọ yín."

Ní Sunday tó kọjá, mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo tún gbogbo rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì pè é ní lílù. Mo sọ ti àpá ìka náà mọ́ ọn. Wọ́n ní, "Àìs...", wọ́n dákẹ́. Èmi náà dákẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sínú, bó ti di àṣà mi báyìí. Mi ò tíì ka dé mẹ́jọ tí wọ́n fi ní, "Ọwọ́ wo ni?"

Mo ní ti òsì.

"Ṣé ó ṣì ń dùn ọ́?"

Mo ní tí mo bá gbé nǹkan dání pẹ́.

"Ọwọ́ wo lo fi di fóònù mú yìí?"

Mo wò ó. Òsì ni. Wọ́n ní kí n gbé e sí ọ̀tún.